Ètò Ìlera Tí Ará Anyama Kò Lè Bá Jiyàn

Ó ti di àṣà àwọn tó ń ṣètò ìlera àwùjọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti máa pe ìlú tálákà ní ibi tí kò sí nǹkan. Wọn a ka ibùsùn ilé ìwòsàn, wọn a ka dókítà, wọn a ka fíríìjì tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára sí, wọn a ka ọkọ̀ àti epo tí yóò mu. Iye tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Èyí tí wọn kò rí ni wọ́n ń tọrọ owó lé lórí. Ohun kan wà tí wọn kì í kà rárá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni kì í wọ́n ní ìlú tálákà: èdè tí àwọn ará ìlú fi ń bá ara wọn jiyàn. Nítorí pé wọn kò kà á, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní àkọsílẹ̀ ètò kò yẹ lẹ́ni tí a ń fi orúkọ ètò pè. Ìwé ìtọrọ owó ni.

Kí ẹni tó bá ka èyí sí àsọdùn wo Anyama. Àríwá Abidjan ni ìlú náà wà, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tó para pọ̀ di agbègbè olú-ìlú ọrọ̀ ajé Côte d'Ivoire. Ojú irin tó ti Abidjan lọ sí Burkina Faso gba ibẹ̀ kọjá, ọjà obì rẹ̀ sì ti sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká láti ọjọ́ pípẹ́. Gbànja ni wọ́n ń tà níbẹ̀, obì olójú méjì, kì í ṣe àbàtà. Láti inú igbó gúúsù ló ti ń wọlé. Mali, Burkina Faso, Niger àti Nàìjíríà ni púpọ̀ rẹ̀ ń gbà lọ. Àwọn Akyé, tí àwọn Faransé ń kọ orúkọ wọn ní Attié, ni wọ́n ni ilẹ̀. Dioula ni èdè ọjà. Àwọn tó ti Burkina Faso wá ń sọ Mòóré, àwọn Hausa wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn Yorùbá, tí wọ́n mọ̀ sí Anàgó jákèjádò Côte d'Ivoire, tí púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nínú ọjà yẹn, àpò obì kan kì í ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láìsí iyàn. Ẹni tó ń rà yóò ní kòkòrò ti wọ inú rẹ̀, ẹni tó ń tà yóò ní ojú olùwarẹ̀ ló ń ṣe bàìbàì, alágbàtà yóò fi èdè kẹta bá wọn parí ọ̀rọ̀. Nígbà tó bá wá di ọ̀rọ̀ ìlera àwọn ènìyàn kan náà yìí, iyàn parí. Faransé ni èdè ilé ìwòsàn, Faransé ni èdè ìwé, Faransé ni èdè ìpàdé tí wọ́n ti ń ṣètò. Tàbí kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, bí olówó bá jẹ́ ará Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ ibà ni kó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀rí. Bí ara ọmọ bá gbóná ní Anyama, ìyá tó jẹ́ Anàgó yóò ní ibà ni. Aládùúgbò rẹ̀ tó ń sọ Dioula yóò ní sumaya ni, ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an jẹ mọ́ òtútù àti ọ̀rinrin. Akọ̀wé ilé ìwòsàn yóò kọ paludisme sílẹ̀. Olùṣètò tó wà ní olú-ilé-iṣẹ́ gbà pé ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ, nítorí náà ó ní kí wọ́n yí gbólóhùn kan láti èdè Faransé sí àwọn èdè yòókù: ẹ̀fọn ló ń fa ibà, ẹ máa sùn sínú àwọ̀n. Kò sí irọ́ nínú gbólóhùn náà. Àbọ̀ òtítọ́ ni, àbọ̀ òtítọ́ sì lè pa ènìyàn.

Ohun tí Yorùbá ń pè ní ibà gba àìsàn tó ju ọ̀kan lọ mọ́ra. Èyí tí ẹ̀fọn Anopheles ń gbé kiri wà níbẹ̀. Òru ni ẹ̀fọn yẹn ń jẹni, àwọ̀n sì wúlò fún un. Dengue náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ibà pọ́njú. Ẹ̀fọn mìíràn, Aedes aegypti, ló ń gbé méjèèjì yìí, ojúmọmọ ló sì ń jẹni, pàápàá ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Inú omi tó dá dúró sínú táyà àlòkù, ìkòkò, agolo àti dúrọ́ọ̀mù ilé ló ń yé ẹyin sí. Obìnrin tó sun inú àwọ̀n láti alẹ́ di àárọ̀, tó wá jókòó ti agbọ̀n obì rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tí omi òjò kún, ti ṣe gbogbo ohun tí ètò ní kó ṣe. Bí dengue bá mú un, òògùn ibà ni yóò rà, òògùn náà kò sì ní ran ohun tó ń ṣe é. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tó sì lo aspirin sí i, ó tún lè dá kún ewu kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára rẹ̀.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni èyí, kì í ṣe àfojúrò. Dengue jà ní Abidjan ní 2017, ó tún jà ní 2019 àti ní 2023. Ní 2019 yẹn kan náà, ibà pọ́njú tún yọjú ní ìlú náà, gẹ́gẹ́ bó ti ṣe ní 2001 àti 2008. Ibà pọ́njú ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ̀ẹ̀kan péré sì tó fún ọjọ́ ayé ẹni. Dengue kò ní òògùn kan pàtó tó ń pa á. Ní ti ibà ẹ̀fọn òru, abẹ́rẹ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní R21 dé. Ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2024 ni Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní Abidjan. Àìsàn mẹ́ta, ọ̀nà ìdènà mẹ́ta, orúkọ kan ṣoṣo. Ìyá tí wọ́n sọ fún pé abẹ́rẹ́ ibà ti dé, tí ọmọ rẹ̀ gbà á, tí dengue wá gbé ọmọ náà dè lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kò ní sọ pé òun ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Yóò ní abẹ́rẹ́ kò ṣiṣẹ́. Yóò sì sọ ọ́ lọ́jà, ní Yorùbá àti ní Dioula, ibi tí kò sí olùṣètò kankan tí yóò dá a lóhùn.

Ta ló yẹ kó ti pín ibà sí ọ̀nà mẹ́ta nínú àwọn èdè wọ̀nyí kí ètò tó bẹ̀rẹ̀? Dókítà nìkan kò lè ṣe é. Ògbufọ̀ tí wọ́n ránṣẹ́ pè ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, tí wọ́n fún ní bébà kan pé kó dá a padà ní ọ̀la, kò lè ṣe é náà. Nínú ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ètò, ìlanilọ́yẹ̀ ni orí tó gbẹ̀yìn, lẹ́yìn orí tó sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀. Ohun tí wọ́n bá ti pinnu ni wọ́n ń wá ẹnu tí yóò bá wọn sọ. Wọn kì í fi èdè wádìí, wọ́n ń fi èdè kéde.

Yopougon, tí kò jìnnà sí Anyama, rí ibi tí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ń jásí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Abidjan, àwọn ará àdúgbò kan níbẹ̀ wó ilé tí ìjọba ń kọ́ lọ́wọ́ fún ṣíṣe àyẹ̀wò àrùn náà. Wọ́n ní ó ti sún mọ́ ilé àwọn jù, àwọn kò fẹ́ kí wọ́n kó aláìsàn wá sáàárín àwọn. Ìjọba ní ilé àyẹ̀wò ni, kì í ṣe ilé ìtọ́jú. Lẹ́yìn tí ilé ti wó ni àlàyé yẹn wá gbilẹ̀. Àwọn kan pe àwọn ará Yopougon ní òpè. Kò sí òpè nínú ọ̀rọ̀ náà: ẹni tí wọ́n bá kọ́ ilé àrùn sí ìtòsí ilé rẹ̀ láì bi í léèrè ọ̀rọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti fura, bí wọn kò bá sì ṣí ẹnu ọ̀nà iyàn sílẹ̀ fún un, ọwọ́ ni yóò fi jiyàn.

Àwọn ètò tí owó ìjọba fúnra rẹ̀ gbé dìde kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ogun tó tẹ̀lé ìdìbò, ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, ìjọba Côte d'Ivoire kéde pé ìtọ́jú di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn ní ilé ìwòsàn ìjọba. Èrò rere ni. Ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú ìbànújẹ́, owó sì ti tán lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìkéde ṣáájú ìṣirò. Èrò ya bo ilé ìwòsàn, òògùn tán lórí pẹpẹ, nọ́ọ̀sì ń kọ ìwé òògùn fún aláìsàn pé kó lọ rà á níta. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2012, ìjọba dá ọ̀fẹ́ gbogbo gbòò náà dúró, ó sì fi mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn aboyún, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti àwọn ọ̀ràn pàjáwìrì kan. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ èdè kíyè sí nínú ìtàn yìí ni ọ̀rọ̀ náà, ọ̀fẹ́. Ní ọjà, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀fẹ́ tí kì í béèrè ta ló sanwó rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé ètò náà lọ síwájú àwọn oníṣòwò obì ní Anyama kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn ì bá bi olùṣètò nìyẹn: lọ́jọ́ tí òògùn bá tán, ta ni yóò ra òmíràn, láti inú àpò wo?

Adójútòfò ìlera tí wọ́n gbé dé lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní CMU, ní ìṣòro mìíràn. Òfin rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2014. Oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi í gba ìtọ́jú. Ẹgbẹ̀rún kan fránkì CFA ni owó tí wọ́n là sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Oṣù ni wọ́n fi ṣírò, nítorí pé ẹni tó ń gba owó oṣù ló ṣírò rẹ̀. Owó gbànja kì í wọlé lóṣooṣù. Àsìkò ló ní. Nígbà tí obì bá pọ̀, owó a máa rìn, nígbà tí igbó bá gbẹ, oníṣòwò a máa jẹ lára ohun tó tọ́jú. Àwọn ènìyàn yìí kò ṣàì mọ bí wọ́n ṣe ń dá owó jọ. Àjọ wà lọ́wọ́ àwọn Yorùbá níbikíbi tí wọ́n bá dé, èsúsú wà, àwọn Dioula pẹ̀lú ní tiwọn, gbogbo rẹ̀ sì ń tẹ̀lé bí ọjà ṣe ń rìn. Ètò tó bá bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ àjọ yóò béèrè iye tí ìdílé kan lè dá lẹ́ẹ̀kan nígbà tí obì bá pọ̀. Ètò tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ cotisation yóò máa ka àwọn tí kò san ti oṣù yìí, yóò sì máa kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ pé àwọn ará ìlú kò mọ ìwúlò adójútòfò.

Wọ́n lè sọ pé owó ni kò sí, pé gbogbo àléébù wọ̀nyí yóò parí bí owó bá dé. Anyama fúnra rẹ̀ tako ọ̀rọ̀ yẹn. Ní òru ọjọ́ 18 mọ́jú ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 2018, òjò pa ó kéré tán ènìyàn 18 ní Abidjan. Ọdún méjì géérégé lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 2020, ilẹ̀ òkè ya lulẹ̀ lé ilé àwọn ènìyàn lórí ní Anyama, ó kéré tán ènìyàn 13 sì kú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 yẹn kan náà, wọ́n ṣí pápá ìṣeré ńlá kan ní Ebimpé, nínú Anyama yìí kan náà, tó gba ènìyàn bí 60,000, tí wọ́n sì fi orúkọ Ààrẹ Alassane Ouattara sọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, òjò rọ̀ sórí pápá náà nígbà tí Côte d'Ivoire ń bá Mali gbá bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́ sọ́rẹ̀ẹ́. Omi kún un dé ibi pé wọn kò lè gbá abala kejì. Gbogbo ìlú pariwo. Wọ́n pariwo ní Faransé, ní Dioula, ní nouchi tí àwọn ọ̀dọ́ Abidjan ń sọ, ní gbogbo èdè tó wà lẹ́nu ọjà. Kí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 tó dé, tí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti tún un ṣe, orí rẹ̀ sì ni Côte d'Ivoire ti na Nàìjíríà ní 2 sí 1 ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì. (Àwọn Anàgó tó wà ní Anyama kò ní gbàgbé ọjọ́ náà kíákíá, àwọn aládùúgbò wọn kò sì ní jẹ́ kí wọ́n gbàgbé.)

Ohun tí àwọn olùṣètò ìlera yẹ kí wọ́n kọ́ lára pápá náà kò ní í ṣe pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. Omi tó dúró sórí koríko rí ẹni tó fà á kúrò láàárín oṣù mẹ́rin, nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ ọjọ́ tí ìdíje yóò bẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn mọ ẹni tí yóò jẹ̀bi bí kò bá ṣe é ṣe, gbogbo ènìyàn sì ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi bá a wí. Omi tó dúró sínú táyà lẹ́yìn ilé, gọ́tà tó dí, ilẹ̀ òkè tí òjò ń jẹ lábẹ́ ilé, àwọn náà wà nínú àkọsílẹ̀ ètò kan tàbí òmíràn. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ọjọ́ tí wọ́n dá? Orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ ló fi wọ́n pamọ́ fún ará ìlú. Ètò tí ẹnikẹ́ni kò lè bú, ẹnikẹ́ni kì í yára ṣe é.

Àpẹẹrẹ ètò tó yege wà, kò sì jìnnà. Sòbìà ni. Àrùn yìí kò ní òògùn, kò sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, títí di òní. Inú omi adágún ni ó ti ń wọ ara. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, aràn gígùn yóò máa gba ẹsẹ̀ yọ, ẹni tó mú kò ní lè lọ sóko tàbí sílé ìwé. Ní 1986, ìṣirò fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 3.5 ènìyàn ló ń ní in lọ́dọọdún ní ayé. Nígbà tí Nàìjíríà káàkiri abúlé láti kà á ní 1988 àti 1989, wọ́n rí àwọn tó lé ní 650,000. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà, ní Côte d'Ivoire àti ní Niger. Ní 2024, ènìyàn 15 péré ló ní in ní gbogbo ayé. Kí ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀? Asẹ́ aláṣọ, kànga, olùyọ̀ǹda ara ẹni kan ní abúlé kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà kò rọrùn. Ní ilẹ̀ Ìbàràpá, níbi tí Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ ìlera ìlú láti 1963, àwọn olùwádìí rí i ní Ìdèrè pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú ara gbogbo ènìyàn ni sòbìà wà láti ìbí, bí iṣan, pé ó kàn ń jáde lára àwọn kan ni. Olùṣètò tó bá dé pẹ̀lú gbólóhùn pé omi ẹlẹ́gbin ń fa sòbìà yóò rò pé òun ti kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ará ìlú yóò ti gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sọ pé omi ẹlẹ́gbin ń fa iṣan. Ní Ìdèrè, wọ́n kọ́kọ́ fi etí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá jiyàn, ní Yorùbá, lórí ibi tí aràn náà ti wá; àwọn aránṣọ ìlú rán asẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ìlú fúnra rẹ̀ yàn tà á. Bákan náà ni ìjà pẹ̀lú àrùn ìfọ́jú odò ṣe rí láti 1995, nígbà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún abúlé kọ̀ọ̀kan láti yan ẹni tí yóò pín òògùn àti ìgbà tí yóò pín in. Àwọn tó ń pe ìjíròrò ní àfikún tó ń fi àkókò ṣòfò yẹ kí wọ́n ṣàlàyé ìdí tí àrùn tí kò ní òògùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, nígbà tí ibà, tó ní òògùn, tó ní àwọ̀n, tó sì ti ní abẹ́rẹ́, ṣì ń pa ọmọdé.

Àtakò tó wọ́pọ̀ jù ni pé èdè ti pọ̀ jù. Wọ́n ní ó lé ní ọgọ́ta tí Côte d'Ivoire ní, ta ni yóò fi gbogbo wọn ṣètò? Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n fi ọgọ́ta èdè ṣètò fún Anyama. Ọjà Anyama ti yan èdè tó ń lò. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni, ó sì ń fi wọ́n kó obì kọjá ẹnubodè orílẹ̀-èdè mélòó kan láìsí ilé-iṣẹ́ ògbufọ̀ kankan. Ọmọ Èjìgbò tó ń sọ Yorùbá nílé, Dioula lọ́jà àti Faransé ní ọ́fíìsì jẹ́ dúkìá tí àkọsílẹ̀ ètò kankan kò kà mọ́ ohun tó wà nílẹ̀. Ìkejì ni pé olówó láti òkè òkun kò gbọ́ èdè wọ̀nyí. Ìyẹn jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n olówó náà kò wà títí. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ fún òkè òkun dúró láti ọjọ́ 20 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìlera tí owó yẹn ń gbé ró ní Côte d'Ivoire wó lulẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àkọsílẹ̀ ètò wọn wà ní Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé. Àwọn tí yóò gba iṣẹ́ náà ṣe kò lè kà á.

Ìgbà kan wà tí àwọn olówó náà béèrè ọ̀rọ̀ ṣáájú. Kí wọ́n tó ṣe abẹ́rẹ́ MenAfriVac fún àrùn yírùnyírùn, wọ́n bi àwọn aláṣẹ ìlera ní Áfíríkà léèrè iye tí wọ́n lè san. Èsì ni pé kò gbọdọ̀ tó àádọ́ta sẹ́ǹtì. Iye yẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n fi yan ilé-iṣẹ́ tí yóò ṣe é ní Íńdíà, òun ni wọ́n sì ń tà á nígbà tó jáde ní Burkina Faso ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Ìdáhùn kan láti ẹnu ẹni tí yóò sanwó ló tọ́ gbogbo iṣẹ́ náà sọ́nà. Bí ìbéèrè bá lè dé ọ̀dọ̀ mínísítà, kò sí ìdí tí kò fi ní dé ọ̀dọ̀ olóbì.

Àtakò kẹta ló kan àwọn òǹkàwé irú ìwé yìí jù, ìyẹn ni pé àwọn èdè wọ̀nyí kò ní ọ̀rọ̀ tó tó. Àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá mọ̀ pé irọ́ ni. Iṣẹ́ tí Babs Fáfúnwá darí ní Ifẹ̀ láti 1970 fi hàn pé ọmọdé lè fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kó sì yege. Àwọn ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú wọn fún àwọn onímọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi ṣàlàyé fónẹ́tíìkì àti lítíréṣọ̀. Ìbéèrè tó yẹ ni pé kí ló dé tí ohùn àti ewì fi ní èdè-ìperí, tí ibà mẹ́ta kò sì ní? Ìdí ni pé àwọn onímọ̀ èdè ṣe ọ̀rọ̀ fún kíláàsì tiwọn, wọ́n sì fi ti ilé ìwòsàn sílẹ̀ fún oníròyìn.

Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ burú. Nígbà tí éèdì dé, orúkọ tó gbilẹ̀ lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn Yorùbá ni àrùn kògbóògùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́, ó bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ní 1998, Côte d'Ivoire wà lára àwọn orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí ètò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú òògùn éèdì wọlé. Ní 2002, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Òògùn ti dé tó ń mú kí ẹni tó ní kòkòrò náà lára dàgbà dé ọjọ́ ogbó, orúkọ àrùn ṣì ń sọ fún un pé kó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ìyàwó tó gbọ́ kògbóògùn lórí rédíò, tí ọkọ rẹ̀ sì ń lo òògùn lójoojúmọ́, èwo ni kó gbà gbọ́? Kò sí dókítà tó sọ àrùn náà lórúkọ yẹn. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ló sọ ọ́, àwọn tó gbọ́ ọ jù wọ́n lọ sì dákẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀bi kò lè wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́ ètò ìlera àti àwọn olówó nìkan. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè tó bá ń dúró kí wọ́n pe òun wá ṣe ògbufọ̀ ti gba ipò ìkẹyìn fún ara rẹ̀. Ohun tó yẹ kó béèrè ni ìjókòó nínú ìpàdé àkọ́kọ́, kí wọ́n tó ka ibùsùn, kí wọ́n tó ka ọkọ̀, kó sì ní àṣẹ láti sọ pé ètò yìí kò tíì ṣe é fọwọ́ sí, nítorí pé ìlú kò tíì rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi bá a jiyàn. Ní Abidjan, ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro wá. Institut de Linguistique Appliquée wà ní Yunifásítì Félix Houphouët-Boigny ní Cocody, ó sì ti pẹ́ tó ti ń kọ àwọn èdè ilẹ̀ náà sílẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò gba owó òkè òkun. Kí onímọ̀ èdè kan, nọ́ọ̀sì kan àti ọmọ Anàgó kan tó gbọ́ Dioula jókòó ti àwọn olóbì ní Anyama kí òjò oṣù Kẹfà tó dé, kí wọ́n béèrè orúkọ gbogbo ibà tí wọ́n mọ̀, èyí tó ń múni lóru àti èyí tó ń múni lọ́sàn-án, kí wọ́n sì kọ èsì náà sí ojú ewé àkọ́kọ́ ètò tó ń bọ̀.